Ọmọ tí wọ́n ní ó ya ìpáǹle

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, praimárì kẹrin, ilé ìwé ìjọba. Tí a bá ti ní kí wọ́n ṣí ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì báyìí, wàhálà dé: á gbá ẹni iwájú lórí, á ju ṣọ́ọ̀kì. Tó bá di ìṣirò, jẹ́ẹ́ ni.

Lánàá, nígbà tí àwọn tó kù jáde lọ ṣeré, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo kọ "bàbá ra bàtà" sílẹ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Bó ṣe kà á tán, ó ní, "Àǹtí, ẹ tún kọ òmíràn."

Ìpáǹle kọ́ rárá. Ojú ló ń tì í! Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n lé e síta ju kí ẹgbẹ́ fi í ṣẹ̀sín lọ.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún 6 gbáko, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ó ń dùn mí pé a ṣì ń na ọmọ nítorí èdè tí kò gbọ́.

Mo ti bẹ ọ̀gá wa kí n máa rí irú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ìwé kíkà Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ ti kà kọjá, ẹ bá mi kó o jọ. Màá wá gbà á.