Ẹ yé pa ọwọ́ òsì pọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún eku: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn ọwọ́ tí eku ń lò nínú láàbù, ẹ gbọ́ o, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: oúnjẹ wà nínú túùbù tóóró tí ọwọ́ kan péré lè wọ̀, eku á kọ́kọ́ ki imú bọ ẹnu ẹ̀, á wá na ọwọ́ wọlé, ìwọ á máa kà, òsì, òsì, ọ̀tún, òsì, títí á fi pé 50, ojú á ti ṣú.

A dé mítìǹgì, ọ̀gá mi pa òǹkà gbogbo eku pọ̀, ó yọ òsì kúrò nínú ọ̀tún, ó fi àpapọ̀ pín in, ó já sí òdo. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní eku ò ní ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, pé mo kàn fàkókò ṣòfò ni. Lójú gbogbo èèyàn o! Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ó ṣe mí bíi kílẹ̀ lanu gbé mi mì. Bẹ́ẹ̀ eku tó fòsì mú 48 nínú 50 wà níbẹ̀, èyí tó fọ̀tún mú 47 wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kàn para wọn rẹ́ ni. Robert Collins, onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí ọwọ́ tí eku ń lò, sì ti fi hàn láti bíi 1968 pé eku kọ̀ọ̀kan ló lọ́wọ́ tiẹ̀, àmọ́ nǹkan bí ìdajì á fòsì, ìdajì á fọ̀tún.

Mo ya wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó hàn, ọ̀gá gbà, ó tán.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ wo eku lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ òsì kúrò nínú ọ̀tún, ẹ fi àpapọ̀ pín in. Nínú 50, tọ́wọ́ kan bá ti tó 33, kì í ṣe èèṣì mọ́.

Ìkejì: ẹ má pa wọ́n pọ̀ (mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, ẹ jẹ́ n tún un sọ).

Ìkẹta, túùbù gbọ́dọ̀ wà láàrin gan-an, tó bá sún mọ́ ògiri ọ̀tún, ọ̀pọ̀ wọn á fọ̀tún mú un, ẹ ó rò pẹ́ ẹ ti ríṣẹ́. Tèmi wà láàrin o, rúlà ni mo fi wọ̀n ọ́n, kẹ́nikẹ́ni má bá mi fà á.

Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé gíráàfù lọ sí mítìǹgì, ẹ fi àmì eku kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀. Wọ́n á kóra jọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ibi tí òdo wà gan-an lá ṣófo jù.