Ọ̀kan láàárín agbo

Ẹyẹ Sociable Lapwing tí wọ́n ní ó wà nínú oko kan wà níbẹ̀ lóòótọ́! Àárín agbo irú lapwing mìíì tó wọ́pọ̀ ló fara pamọ́ sí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tó bá ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, á wọ́ tẹ̀lé àwọn ìbátan ẹ̀. Nítorí náà, agbo lèèyàn máa ń kọ́kọ́ wá, kó tó wá jókòó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ló ń súni. Wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣa kòkòrò. Èyí tí mo ti wò tán á bọ́ sẹ́yìn ebè, á tún yọ níbòmíì bí àlejò.

Orí ẹ̀ ló tú àṣírí ẹ̀. Àwọn yòókù ní ìyẹ́ ṣóńṣó tó nà sẹ́yìn àtàrí, òun ò ní. Ìlà funfun gba òkè ojú ẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì pàdé lẹ́yìn orí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú.

Pápá koríko Kazakhstan àti gúúsù Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń pamọ. Tí òtútù bá ń bọ̀, àwọn kan á gba Tọ́kì àti Síríà lọ sí Sudan, àwọn mìíì á kọrí sí Pakistan àti Íńdíà. Àwọn ọdẹ ń yìnbọn fún wọn lójú ọ̀nà. Láti 2004 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ti kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ ìparun jù lọ.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ya fọ́tò, torí ẹyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún ọkọ̀ bíi ti ẹni tó dúró. Olóko ní, “Ẹ wọlé o, mi ò tíì gbin nǹkan kan.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá, ibí náà tó.” Tí mo bá wọlé, gbogbo agbo á gbéra, oúnjẹ ẹni tó ń rin irú ìrìn yẹn á sì bàjẹ́ nítorí fọ́tò.

Fọ́tò náà ò kúkú mọ́. Oòrùn ti mú ilẹ̀ tí wọ́n tú gbóná, ooru ń mì lókè ebè, bí lẹ́ǹsì bá sì ṣe gùn tó ni ìdàrú yẹn ń pọ̀ tó. Ìgbà tí kùrukùru bo oòrùn díẹ̀ ni mo rí ọ̀kan tó dáa: ó na ìyẹ́, funfun ẹ̀yìn apá àti dúdú ṣóńṣó ẹ̀ hàn kedere. Ẹyẹ náà kéré nínú fọ́tò, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jiyàn irú ẹyẹ tó jẹ́.

Lọ́la, apá ìlà-oòrùn ni màá dúró sí kí ìmọ́lẹ̀ lè wà lẹ́yìn mi, kí ilẹ̀ tó gbóná. Bàbá ní katakata ò ní padà wá títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.