Tọ́bò tí kò fẹ́ atẹ́gùn tó: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́

Ọjọ́ kìíní

Ọkọ̀ ń mí gúlegúle lórí òkè, èéfín dúdú ń bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, nǹkan sì ń súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín dúdú yẹn fi hàn pé epo ń dé, atẹ́gùn ni kò tó. Ká ní ọkọ̀ lẹ láìyọ èéfín ni, fílítà epo ni à bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bí epo bá kéré, èéfín tó ń jáde kò ní gbóná tó láti yí tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) dáadáa.

A kò tú nǹkan kan kí a tó wọ̀n ọ́n. A fa róbà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn intercooler (ohun tó ń mú kí atẹ́gùn tí tọ́bò fẹ́ tutù), wá sí iwájú awakọ̀, a so géèjì 0 sí 30 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn) mọ́ ọn. Ẹ má kà á lórí ìdúró: ẹ́ńjìnnì tí kò wọ́ ẹrù kì í yí tọ́bò débi kan. Jíà 3, lórí òkè, tọ́tù dé ilẹ̀, láti 2000 dé 3000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Ẹlòmíì ni kó máa wo géèjì. 6 psi ló kà. 12 ni ìwé ọkọ̀ náà kọ.

Ọjọ́ kejì

Fílítà afẹ́fẹ́ mọ́. Kò sí àmì èédú níbi tí sàlẹ́ńsà ti pàdé ẹ́ńjìnnì. A yọ róbà ẹnu tọ́bò, a fi ọwọ́ mi ọ̀pá inú rẹ̀: ó mì díẹ̀ sókè sódò, ìyẹn kò burú, torí orí ọ́ìlì ló ń léfòó. Bó bá ń wọlé jáde, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń họ ara ilé rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tọ́bò tuntun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná dànù níbí.

Ọjọ́ kẹta

Ìdánwò tó níye lórí jù lọ nìyí: wíwá ibi tí atẹ́gùn ti ń jò. Ẹ wá ìdérí páìpù PVC tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu tọ́bò, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ ki fáàfù táyà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi kílíìpù dè é. Ẹ dí róbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn yóò gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fẹ́ ẹ dé 10 psi, kó má kọjá 15, nítorí róbà lè ta dànù. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ lórí gbogbo oríkèé. Bí ẹ bá gbọ́ atẹ́gùn nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, fáàfù kan ló ṣí sílẹ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ẹ tún gbọ́.

Ìfófòó ọṣẹ hó lábẹ́ róbà ìsàlẹ̀ intercooler. Ojú kò rí i tẹ́lẹ̀: ó ya ní abẹ́, kì í sì í là àfi bí atẹ́gùn bá kún un. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti mú kí kílíìpù yọ̀ pẹ̀lú. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ṣe nǹkan. Bó bá dà bí adágún, tọ́bò tàbí róbà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ni kí ẹ wádìí.

A fi róbà sílíkónì tí wọ́n tẹ́ fluorosilicone sí nínú rọ́pò rẹ̀, torí ọ́ìlì ń jẹ sílíkónì lásán. A fọ ẹnu páìpù, a nù ún gbẹ, a lo kílíìpù oníbóòtù T. Ìsúfèé dákẹ́. Géèjì: 9 psi.

Ọjọ́ kẹrin

3 psi ṣì kù, kò sì sí ariwo mọ́. Ó ń gòkè, àmọ́ ó lọ́ra. Wastegate ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín yà gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò nígbà tí atẹ́gùn bá ti tó. A yọ ọ̀pá rẹ̀, a fi ọwọ́ ti apá ilẹ̀kùn náà. Ìpẹtà ti há a mọ́ bó ṣe ṣí díẹ̀. A fi epo tí ń tú ìpẹtà rin ín mọ́jú, a ń mì ín lọ mì ín bọ̀ títí ó fi pa dé pátápátá. A fi páǹpù ọwọ́ dán agolo tó ń ti ọ̀pá náà wò: ó di atẹ́gùn mú, kò jò.

Ẹ má dín ọ̀pá náà kù láti fi wá agbára sí i. Tọ́bò á sáré kọjá ìwọ̀n, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì sì lè jó.

Géèjì báyìí: 12 psi ní 2600 rpm, èéfín dúdú ti fúyẹ́. Ó ku ká tún kílíìpù dè lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì tutù bí ìgbà mélòó kan.