Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ́kísódù 34: ohun tí mo kọ́ nípa mímọ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́

Agbára gbogbo, ìmọ̀ gbogbo, wíwà níbi gbogbo, ìjẹ́mímọ́, òdodo, ìfẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń to ìwà Ọlọ́run fún onígbàgbọ́ tuntun, kó lè há a sórí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ọ bí ọjà orí àtẹ, kì í pẹ́ tí yóò fi máa ṣà á bí ọjà: yóò mú ìfẹ́, yóò fi òdodo sílẹ̀ fún ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí mo máa ń ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni Ẹ́kísódù 34:6-7, nítorí pé níbẹ̀, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀ fún Mósè.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tó sọ ọ́. Ní orí 32, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti bọ ère ọmọ màlúù, Mósè sì ti fọ́ wàláà òkúta tí Ọlọ́run kọ òfin sí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló wà ní ìsàlẹ̀ òkè nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń jáde lẹ́nu Ọlọ́run. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á kàn ka ẹsẹ méjèèjì bí orin ìyìn lásán.

Ẹ wá mú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín da ẹsẹ méjèèjì kọ, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ wọn: aláàánú, olóore-ọ̀fẹ́, onípamọ́ra, ẹni tó pọ̀ ní oore àti òtítọ́, ẹni tó ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà. Ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ ẹsẹ yìí lórí pẹpẹ láìgbọ́ ìparí rẹ̀ rí.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí “onípamọ́ra”. Ní èdè Hébérù, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni “ẹni tí imú rẹ̀ gùn”. Àwa Yorùbá, inú ni ìbínú ti ń bí wa. Àwọn Hébérù, imú ni. Ooru ìbínú ló ń gba imú jáde, tí imú bá sì gùn, ooru náà á pẹ́ kó tó jáde. Nítorí náà, onípamọ́ra kì í ṣe ẹni tí kì í bínú, kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ó ń bínú, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í yá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọpa ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn nínú Bíbélì tún un sọ, mo sì máa ń fún èèyàn ní ibi mẹ́jọ: Númérì 14:18, Nehemáyà 9:17, Sáàmù 86:15, 103:8 àti 145:8, Jóẹ́lì 2:13, Jónà 4:2, Náhúmù 1:3. Ọ̀kan lójúmọ́ ti tó. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń sọ ọ́, kí ló ń fi í béèrè, apá wo ló mú, èwo ló fi sílẹ̀.

Jónà àti Náhúmù ni mo fẹ́ràn jù láti gbé síwájú ara wọn, nítorí ọ̀rọ̀ Nínéfè, ìlú ńlá àwọn ará Ásíríà, ni àwọn méjèèjì ń sọ. Jónà mú àánú àti ìpamọ́ra, kò mẹ́nu kan ìyà ẹlẹ́bi, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ráhùn: ohun tó ń bí i nínú gan-an ni pé Ọlọ́run rí bẹ́ẹ̀, tó fi dá ìlú náà sí. Náhúmù náà sọ pé Olúwa lọ́ra láti bínú, ṣùgbọ́n níbi tí “pọ̀ ní oore” ti yẹ kó tẹ̀ lé e, “tóbi ní agbára” ló kọ, ó sì parí rẹ̀ sí ẹlẹ́bi tí kò ní lọ láìjìyà. Láti ìgbà ayé Jónà títí Nínéfè fi ṣubú ní 612 ṣáájú ìbí Jésù, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Imú tó gùn nìyẹn. Ọlọ́run kan náà ni, ìlú kan náà ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú àmì ohùn kan ṣoṣo. 1 Jòhánù 4:8 sọ pé “ìfẹ́ ni Ọlọ́run”. Kò sọ pé Ọlọ́run ní ìfẹ́. Ohun tí èèyàn ní lè dín kù, ó lè tán, olówó rẹ̀ á ṣì wà. Àánú Ọlọ́run kò rí bí owó inú àpò tó ń ná nígbà tó bá wù ú, kò sì sí ọjọ́ tó máa ń bọ́ ìfẹ́ sílẹ̀ kó tó gbé òdodo wọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti máa sọ pé “Ọlọ́run ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ìdájọ́ náà ni”. “Ṣùgbọ́n” yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ ka ẹsẹ 10, kí ẹ wo bí Jòhánù ṣe ṣàlàyé ìfẹ́ ọ̀hún: ó rán Ọmọ rẹ̀ láti jẹ́ ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ wa. Bí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, kí ni ètùtù wà fún?

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tiwa náà. “Ọlọ́run owú” ní Ẹ́kísódù 34:14 máa ń mú ọkàn lọ sọ́dọ̀ orogún méjì tó ń jà nílé. Owú ọkọ tí aya rẹ̀ da májẹ̀mú ni ibẹ̀ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Arúgbó ọjọ́” tí a fi ń kì í nínú àdúrà: Ọlọ́run kò darúgbó, ọjọ́ ni kò ní agbára lórí rẹ̀ (Sáàmù 90:2). “Ọlọ́run lè ṣe ohun gbogbo” náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, nítorí Títù 1:2 sọ pé kò lè purọ́, èyí kò sì bu agbára rẹ̀ kù.

Tí ẹ bá ti ṣe ọjọ́ mẹ́jọ yẹn tán, ẹ padà sí Ẹ́kísódù, kí ẹ wo ohun tí Mósè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní 33:3, Ọlọ́run ní òun kò ní bá wọn lọ, nítorí pé ọlọ́rùn líle ni wọ́n. Ní 34:8, bí Mósè ti gbọ́ oríkì náà, ó yára tẹrí ba. Ní ẹsẹ 9, ó ní kí Olúwa jọ̀wọ́ bá àwọn lọ, nítorí pé ọlọ́rùn líle ni àwọn èèyàn náà.