Ohun tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kọ́ mi nípa àkáǹtì Google

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Agbowó, ní òdìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn. A ń tẹ ìwé, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a ń bá àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ṣí ìmeèlì, a ń bá àwọn àgbàlagbà kún fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì. Agbára káká la fi ń rí iṣẹ́ kan nínú wọn tí kò kan Google. Gmail, Drive, Photos, Maps, inú wọn ni mo wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì ti rí oríṣiríṣi èèyàn tó wọlé wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú nítorí wọn.

Èrò mi ni pé àwọn nǹkan wọn dára, òmíràn dára ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ara àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ so mọ́, àwọn èèyàn wa kì í sì í ka àkáǹtì yẹn sí nǹkan kan títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n ná. Nígbà tí Gmail jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin lásán ni, torí pé odidi 1GB ni wọ́n ní àwọn ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù ń fúnni ní MB mélòó kan péré lásìkò náà. Ẹni tó bá lo kafé nígbà yẹn á rántí bí a ṣe máa ń pa lẹ́tà rẹ́ kí òmíràn tó ráàyè wọlé. Gmail ló fòpin sí ìyà yẹn. Mi ò tíì rí ìmeèlì ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń wá lẹ́tà àtijọ́ jáde bíi tiẹ̀, tàbí tó ń yọ lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ sọ́tọ̀ tó o.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣí àkáǹtì náà. Ọmọbìnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti mú un fún sikọ́láṣíìpù kan, lẹ́tà sì ti lọ sínú ìmeèlì rẹ̀ pé kó fèsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kafé kan ládùúgbò wọn ló bá a ṣí ìmeèlì yẹn nígbà tó wà ní SS3, tó fẹ́ ṣe JAMB. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀, tó kọ páswọ́ọ̀dù sẹ́yìn ìwé kékeré kan fún un. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A tẹ páswọ́ọ̀dù, ó gbà. Google wá ní òun kò tíì rí kọ̀ǹpútà yìí rí, òun fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì náà. Òǹkà méjì tó kẹ́yìn nọ́ńbà náà hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Àǹtí, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tèmi.”

Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá tiwọn ni. Wọ́n ní rárá. Nọ́ńbà ọmọkùnrin kafé ni. Kafé náà ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọkùnrin náà wà.

Ohun tó yọ wá ni fóònù àtijọ́ kan. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti fi fóònù kankan wọ ìmeèlì yìí rí. Ìyá rẹ̀ rántí pé fóònù àwọn ló lò nígbà yẹn, fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Wọ́n lọ mú un wá. A fi iná sí i, mo fún un ní Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù, kò sì pẹ́ tí ìbéèrè fi yọ lójú rẹ̀: ṣé ìwọ lo fẹ́ wọlé? Ìyá tẹ Yes, ìmeèlì ṣí. Kó tó ka lẹ́tà sikọ́láṣíìpù rárá, mo ní kó yọ nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn kúrò, kó fi tiẹ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: tí Google bá ti ẹ̀yin náà síta, ẹ má jókòó sí kafé kí ẹ máa gbìyànjú páswọ́ọ̀dù oríṣiríṣi. Ẹ wá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi wọlé rí, kí ẹ lò ó níbi tí ẹ ti sábà máa ń lò ó, bóyá nílé. Google fúnra wọn ló dá irú ìmọ̀ràn yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú wò bóyá ẹ̀yin ni.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù yìí tún kan àwọn tó ti jápa. Ní Nàìjíríà, líìnì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè, tí kò fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù 6, ilé iṣẹ́ fóònù lè tì í pa. Tó bá tún di oṣù 6 mìíràn, wọ́n lè gbà á kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston, tí síìmù Nàìjíríà rẹ̀ wà nínú àpò àpamọ́wọ́, tí nọ́ńbà yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní lórí Gmail rẹ̀, ọjọ́ kan ni kóòdù rẹ̀ máa bọ́ sí fóònù ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ bá mi sọ fún wọn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mò ń ní kí gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú mi ṣe nìyí: ẹ lọ sí Settings fóònù yín, ẹ tẹ Google, ẹ tẹ Manage your Google Account, kí ẹ wá Security. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bóyá tiyín ni. Ẹ fi ìmeèlì kejì sí i, ti ọkọ, ti ìyàwó tàbí ti àbúrò tí ẹ fọkàn tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tan 2-Step Verification, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gba Backup codes, ìyẹn kóòdù àpamọ́ tí ẹ lè fi wọlé bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́. Kóòdù 10 ni wọn yóò fún yín, òǹkà 8 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kankan láti lò ó. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún wọn láìgba kọ́bọ̀, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú sátífíkéètì WAEC wọn.

Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 gbáko náà wà nínú ewu. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google ti ń pa irú rẹ̀ rẹ́, pẹ̀lú gbogbo àwòrán àti lẹ́tà inú rẹ̀. Bí bàbá yín bá ní ìmeèlì tí wọn kì í ṣí, ẹ bá wọn wọlé síbẹ̀ kí ẹ ka lẹ́tà kan. Ó ti tó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àyè ìpamọ́, èyí tí mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé dáadáa fún aráàlú. Nígbà tí Google Photos jáde ní 2015, wọ́n ní kí a máa kó àwòrán síbẹ̀ láìní iye, lọ́fẹ̀ẹ́. A gbà wọ́n gbọ́, a sì kó o síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021, wọ́n fòpin sí i. Láti ọjọ́ náà, àwòrán tuntun tí a bá kó síbẹ̀ ń gba àyè nínú 15GB ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tí Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín. Ẹ̀yìn èyí ni backup (ẹ̀dà ìpamọ́) WhatsApp ti Android náà dé sínú 15GB kan náà ní 2024. Ẹni tó wà nínú gúrúùpù ẹbí, gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí asalátù, gúrúùpù ọmọ ilé ìwé àtijọ́, tí fídíò “ẹ káàárọ̀” ń rọ́ wọlé láti gbogbo wọn, kí ló kù tí kò ní kún?

Tó bá sì ti kún, Gmail kò ní gba lẹ́tà mọ́. Ẹni tó kọ̀wé sí yín ni lẹ́tà yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin kò ní rí i rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fojú fo ìkìlọ̀ pupa tí Google ń fi hàn yín pé àyè ti fẹ́ kún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti WhatsApp: ẹ lọ sí Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ pa Include videos. Nínú Gmail, ẹ kọ larger:10M sí ibi ìwákiri, gbogbo lẹ́tà tó wúwo ju 10MB lọ ni yóò jáde, kí ẹ pa èyí tí kò wúlò mọ́ rẹ́, kí ẹ sì da Trash nù. Nínú Photos, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé bí àwọn bá pa àwòrán rẹ́ nínú Photos kí fóònù lè fúyẹ́, yóò ṣì wà lọ́dọ̀ Google. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe kúrò lórí fóònù ló kúrò lọ́dọ̀ wọn, inú Trash nìkan ló kù sí, 60 ọjọ́ ni yóò sì lò níbẹ̀. Free up space ni ẹ máa tẹ̀. Ìyẹn ló ń yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tí yóò sì kù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ sì pa ìlò dátà fún backup, kó jẹ́ Wi-Fi nìkan, pàápàá láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí àlékún owó dátà tó tó 50% ní oṣù kìíní 2025.

Ohun tí mi ò gbà fún Google ni bí wọ́n ṣe máa ń ṣí nǹkan tí wọ́n á tún tì í. Reader, tí a fi ń ka ìròyìn láti ojú ewé oríṣiríṣi, lọ ní 2013. Orkut, ibi ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ bíi Facebook tí àwọn ará Brazil fẹ́ràn bí ojú, lọ ní 2014. Google+, tí òun náà dà bíi Facebook, lọ ní 2019. Wi-Fi ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní Google Station dé sí Èkó ní 2018, nígbà tó di 2020 wọ́n ní àwọn ti ń pa á tì káàkiri àgbáyé. Èyí tó ká mi lára jù ni ojú ewé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké lórí Business Profile, ìyẹn ibi tí oníṣòwò ti ń fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn lórí Google àti Maps. Ní oṣù kẹta 2024 ni wọ́n tì í pa. Télọ̀, onímáàkéètì, ẹni tó ń se oúnjẹ òde, tó ti tẹ àdírẹ́sì yẹn sórí káàdì àti báńà rẹ̀, kí ni kó ṣe sí i? Tí ẹ bá ń ṣòwò, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yín sórí Maps, ó ń mú oníbàárà wá gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ra orúkọ ojú ewé tiyín fúnra yín, kí nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sì wà nínú ìwé tí ẹ lè fọwọ́ bà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Takeout, torí ó jẹ́ ohun iyì tí wọ́n ṣe láti 2011. Ẹ lọ sí takeout.google.com, ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ kó jáde, wọn yóò dì í pọ̀, wọn yóò sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni líǹkì náà ń lò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Dátà òru ni mo máa ń fi gba tèmi, inú hard disk tó wà nílé ni mo sì ń kó o sí. Ẹni tí kò ní hard disk lè kó àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìkómọ nìkan sórí flash.

Ohun kan kù tí a kì í fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọmọ tó ń wá àwòrán bàbá wọn lẹ́yìn ìsìnkú tí wọn kò rí i. Inactive Account Manager wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ̀yin ni yóò yan iye àkókò, oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, tí ẹ kò bá lò ó tí Google yóò fi kọ̀wé sí àwọn tí ẹ dárúkọ. Ẹ lè dárúkọ tó èèyàn 10, kí ẹ sì yan ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí. Èmi ti fi orúkọ àbúrò mi obìnrin àti àkọ́bí mi síbẹ̀. Photos àti Drive ni mo ṣí sílẹ̀ fún wọn. Gmail, mi ò fi kún un.