Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Japan, ẹ má fi nǹkan kan sí i

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. A ti dé láti Japan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la lò níbẹ̀, inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é, ẹ jókòó, mo fẹ́ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa wọ bàálù lọ ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nìyí, ti àkọ́kọ́ ò sì dáa rárá.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, àárọ̀ ni mo balẹ̀, mo gbé ẹrù sọ sí òtẹ́ẹ̀lì, mo bọ́ síta lójú ẹsẹ̀. Ibi márùn-ún ni mo kọ sílẹ̀ pé mo gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ yẹn. Mo dé márààrún o, ṣùgbọ́n oorun ń kùn mí lórí ìdúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, orí ń fọ́ mi títí di ọjọ́ kẹta. Tí mo bá wo fọ́tò ọjọ́ yẹn báyìí, ńṣe ló dà bíi pé ẹlòmíì ló lọ. Ó dùn mí gan-an, torí ọdún méjì ni mo fi tu owó yẹn jọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí, ara wa ni mo máa kọ́kọ́ rò, ibi tá a máa wò á tẹ̀lé e.

Ti ìwé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ yẹ pasipọ́ọ̀tù yín wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6 kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù níbì kan lójú ọ̀nà, ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ náà ń gba físà. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ti oògùn: oògùn ọ̀fìnkìn tí pseudoephedrine, ìyẹn èròjà tó máa ń la imú tó dí, inú ẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, wọn ò gbà á wọlé ní Japan, kódà kó jẹ́ pé orí igbá lẹ ti rà á níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o sínú báàgì.

Páwà báǹkì náà ńkọ́? Inú báàgì ọwọ́ ló ń gbé o, kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní káńtà, torí tí bátìrì ẹ̀ bá gbiná nínú yàrá ẹrù lábẹ́ lọ́hùn-ún, ta ló máa tètè rí i? Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín lókè ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù á lè pa á. 100 Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú, ni ibi tó yẹ kó mọ, tí wọn ò bá kọ Wh sí i lára, ẹ fi 3.7 sọ iye mAh tí wọ́n kọ sí i lára di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 1,000 pín in. Tèmi tó jẹ́ 20,000 mAh, 74 ló bọ́ sí, kò sí wàhálà. Iná Japan sì rèé, 100 volt ni, ẹnu ṣájà wọn jẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì, tí wọ́n bá ti kọ 100-240V sára ṣájà yín, ádápítọ̀ kékeré nìkan ló kù.

Ó wá kan inú bàálù fúnra ẹ̀, ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Wákàtí 13 la lò nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú bàálù méjì tá a wọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbẹ, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í sábà tó ìdá 20 nínú 100, ìdí nìyẹn tí ọ̀fun fi máa ń há téèyàn bá sùn jí, tí ojú á sì máa ta. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400 ló máa ń rí lára ẹni tó jókòó síbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ara ò tó ti ìsàlẹ̀. Ọtí tẹ́ ẹ bá mu níbẹ̀ á tètè gùn yín, ẹ jọ̀ọ́, omi ni kẹ́ ẹ máa mu.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló kó ọkàn mi sókè jù, torí ẹsẹ̀ wọn máa ń wú. Tí èèyàn bá ti jókòó sójú kan ju wákàtí 4 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, tó bá já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ó lè gbẹ̀mí èèyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. A lọ rí dókítà ní oṣù kan ṣáájú, wọ́n ní kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì máa dìde. Ìjókòó etí ọ̀nà ni mo mú fún wọn, kí wọ́n má báa máa bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kọjá, ní bíi wákàtí kan àbọ̀ síra la ń rìn dé ẹ̀yìn bàálù ká tó padà. Nígbà tá a balẹ̀, bàtà wọn ṣì wọlé sí wọn lẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ ò mọ bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ tó.

Ohun kejì tá a ṣe ni pé bá a ṣe jókòó báyìí, mo yí aago wa sí ti Tokyo, wákàtí 9 ló fi ṣáájú ti Greenwich. Tó bá jẹ́ òru níbẹ̀ la ń sùn, tó bá jẹ́ ọ̀sán níbẹ̀ à ń la ojú sílẹ̀, kódà kí wọ́n ti pa gbogbo iná bàálù. Ìlà oòrùn la kọrí sí, ìyẹn ló sì máa ń le jù, torí ó rọrùn fún ara kó pẹ́ kó tó sùn ju kó sùn ṣáájú àsìkò tó mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Tokyo, nínú oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ wa àkọ́kọ́ níbẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé gbogbo ọ̀nà tá a rìn yìí, ká wá jókòó ni?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Oòrùn ni mo ní ká lọ yá, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́ níbí. A rìn ní pẹ́lẹ́ lábẹ́ igi nínú ọgbà kan, a jẹun, a padà, nígbà tó fi máa di aago 8 alẹ́ oorun ti gbé wa lọ. Aago 3 òru la jí, oorun sá lọ pátá. Ó ṣáà dáa bẹ́ẹ̀, a múra, a forí lé Sensō-ji ní Asakusa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tẹ́ńpìlì ńlá ni, àtùpà pupa rògbòdò kan ló rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, láti ibẹ̀ dé inú lọ́hùn-ún, ọ̀nà tó gùn tó mítà 250 ni, ìsọ̀ ló kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lọ́sàn-án, èèyàn ò ní ráyè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ti àgbàlá ẹ̀ pa, ní aago 5 àárọ̀ ó ku àwa, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀, àtàwọn ẹyẹlé. Aago 6 ni wọ́n ṣí tẹ́ńpìlì fúnra ẹ̀. A gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe dún.

Látọjọ́ náà ló ti di pé àdúgbò kan ṣoṣo là ń wò lóòjọ́. Tokyo Skytree tó ga ní mítà 634, ìsàlẹ̀ la ti wò ó, ó tó wa. Rélùwéè Shinkansen la wọ̀ lọ Kyoto, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú bíi 15 péré, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí kẹ́ ẹ lè rí òkè Fuji, yìnyín ṣì wà lórí ẹ̀. Tí àpótí yín bá tóbi, tí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ lápapọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè fún un ṣáájú. Kinkaku-ji, ilé tí wọ́n fi góòlù bò yẹn, ó dán lóòótọ́ ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù fún mi. Ní Nara a rí ère Búdà onídẹ tó ga tó mítà 15, ọdún 752 ni wọ́n ti yà á sí mímọ́, àgbọ̀nrín sì ń rìn kiri láàárín èèyàn bí ewúrẹ́.

Èyí tí mi ò ní gbàgbé ni Fushimi Inari, ojúbọ kan ní Kyoto, lẹ́yìn tá a ti rìn kiri ìlú náà. Àárọ̀ kùtù náà la lọ, òun náà kì í ní títì. Ẹnu ọ̀nà pupa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n to ara wọn lé òkè lọ, èèyàn ń gba abẹ́ wọn kọjá bí ẹni wà nínú ihò. A rọra ń gùn, a ń sinmi, títí dé oríta kan téèyàn ti ń rí ìlú nísàlẹ̀. Ìgbà tá a wá ń sọ̀ kalẹ̀ la tó rí i pé ẹ̀yìn òpó wọn ni wọ́n kọ orúkọ ẹni tó fi ta ojúbọ náà lọ́rẹ sí, téèyàn bá ń lọ sókè kò ní rí i. A ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tọ ojú ọ̀rọ̀ náà lókèèrè bí ẹni ń kà á. Ó pẹ́ ká tó dé ìsàlẹ̀, mi ò sì sọ pé kí wọ́n yára.