Ìwé ìṣirò ìyá onígàrí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn àjọ ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè, èmi ni mo kọ ìwé náà. Ojú ìwé méjìlélógún ni. Mo ní kí wọ́n fún wa ní ilé ìkọ́ṣẹ́, bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà, àti owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ìlà mẹ́ta péré ni èsì wọn: wọn ò lè fún wa. Ó dùn mí dé egungun, odidi ọdún kan ni n kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

N kò mọ̀ nígbà náà pé owó kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ẹ wo owó tí ìjọba Japan ń fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké láti ọ́fíìsì aṣojú wọn l'Ábùjá. Ilé, kànga, ẹ̀rọ, irinṣẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Wọn kì í fi san owó oṣù. Ẹ ka ìlànà wọn tán, kí ẹ tún un kà, kí ẹ tó mú bírò.

Nígbà tí mo padà sídìí ọ̀rọ̀ náà, abúlé ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, lọ́nà Ìṣẹ́yìn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ni wọ́n ń wá. Ìyá àgbà kan wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ wà. Omi ni kò sí." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń lọ sódò lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá náà wá fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ìró. Ọgọ́rùn-ún náírà ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́jọ́ ọjà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ti ìwé tuntun tí a kọ. Kànga ẹ̀rọ kan àti ibi ìfọ-gbágùúdá ni a béèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ẹgbẹ́ wa kò pé. Ìwé CAC, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, wà, ṣùgbọ́n a ò ní ìwé SCUML, ti ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì yẹ ìṣirò wa wò rí. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà wá. Láàárín ìgbà náà ni ẹnìkan ní òun mọ èèyàn nínú àjọ, a fún un ní 80,000 náírà, ó sì wọmi. Ẹ jọ̀ọ́, àjọ tòótọ́ kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ ń gbà lórí SAM.gov kó tó lè tọrọ owó ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀fẹ́ ni.

Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn agbẹ́kànga mẹ́ta kọ iye tí wọn yóò gbà fún wa. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là fò sókè, owó páìpù àti ẹ̀rọ afami sì bá a lọ. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́, kí n má baà lé àjọ tí a ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ sá. A ò dákẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni a kọ̀wé sí àjọ náà, a yọ ibi ìfọ-gbágùúdá kúrò, a fi kànga sílẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ìròyìn burúkú tó tètè délé sàn ju èyí tí wọ́n máa fúnra wọn bá pàdé lọ.

Wọ́n wá wo abúlé náà. Obìnrin tó ṣáájú wọn ò béèrè nípa ẹgbẹ́ wa rárá. Ó yíjú sí àwọn onígàrí, ó ní bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ta ni yóò tún un ṣe? Mo fẹ́ dáhùn. Kí n tó la ẹnu, ìyá àgbà ti ń tú ìwé rẹ̀ jáde lábẹ́ ìró.